Ike kékeré tó ń dún "kẹ́": arọ́pò ṣúgà wo ló yẹ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà?

Àǹtí mi tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló gbé e wá sí Ìbàdàn nígbà Kérésìmesì: ike pẹlẹbẹ kan tí kò ju ìka méjì lọ. Tí ẹ bá tẹ orí rẹ̀, hóró arọ́pò ṣúgà funfun kan báyìí á já bọ́ sínú tíì, á dún "kẹ́". Màámi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ro tíì náà, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n wá wo ojú mi. "Ó mà dùn o." Ó ti lé lọ́dún méjì tí dókítà ti sọ fún wọn pé ìtọ̀ ṣúgà ni, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń mu tíì bí ẹni ń mu àgbo ibà.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ike yẹn ti wọ gbogbo nǹkan. Ó wọ zóbò, ó wọ kúnú, ó wọ ògì. Láàárọ̀ Sátidé kan, màámi mu ògì funfun abọ́ ńlá kan. Hóró mẹ́fà ni wọ́n tẹ̀ sí i, ṣúgà ò sí níbẹ̀ rárá. Kí wọ́n tó fẹnu kàn án, mo gún ìka wọn, ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ka 124 (mg/dL). Lẹ́yìn wákàtí méjì mo tún gún un, ó di 219. Inú bí wọn sí ike náà. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ti fi ṣúgà pamọ́ sínú rẹ̀.

Òyìnbó ò fi nǹkan kan pamọ́. Ògì ló ṣe é. Àgbàdo tí a rẹ, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tí a da èèrí rẹ̀ fún ewúrẹ́, kí ló kù níbẹ̀ bí kò ṣe sítáàṣì? Sítáàṣì ọ̀hún kì í sì í pẹ́ nínú ikùn kó tó di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, a tún un ṣe: ìdajì abọ́ ògì, mọ́ínmọ́ín méjì, ike kan náà. 161 la bá níbẹ̀.

Nítorí náà, ife tàbí abọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo ike. Arọ́pò ṣúgà ò lè yọ ju ṣúgà tí ẹ̀yin fúnra yín ìbá bù sí i lọ. Èyí tó ti wà nínú abọ́ tẹ́lẹ̀, kò lè fọwọ́ kàn án.

Pínǹkì, búlúù, yẹ́lò, àwọ̀ ewé

Ní Amẹ́ríkà, àwọ̀ bébà ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan nílé níbí náà sì ń tò wọ́n bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì. Pínǹkì ni saccharin, búlúù ni aspartame, yẹ́lò ni sucralose, àwọ̀ ewé ni stevia. Àmọ́ àwọ̀ kì í ṣe òfin. Orúkọ kan náà, bíi Canderel, lè wà lójú páálí mẹ́ta: aspartame nínú ọ̀kan, sucralose nínú èkejì, stevia nínú ẹ̀kẹta. Ẹ yí páálí padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC níbẹ̀.

| | Ó fi ìlọ́po mélòó dùn ju ṣúgà lọ? | Tó bá kan iná ńkọ́? | Kí ló ń kù lẹ́nu? |
|---|---|---|---|
| Saccharin | 300 sí 400 | ó ń dúró | ìkorò, bí ìgbà téèyàn lá kọ́bọ̀ |
| Aspartame | 200 | adùn rẹ̀ ń lọ | kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà |
| Sucralose | 600 | ó ń dúró | adùn tó ń pẹ́ díẹ̀ |
| Stevia | 200 sí 300 | ó ń dúró | ìkorò ewé díẹ̀ |

Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè fúnra rẹ̀ bí ṣúgà ṣe ń gbé e. Níbẹ̀ yẹn, ọgbọọgba ni wọ́n. Tí oníṣọ́ọ̀bù bá ní kí ẹ san ìlọ́po mẹ́ta owó torí pé tòun "dára fún ṣúgà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ", ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ohun mìíràn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nínú tíì: pínǹkì àbí búlúù?

Saccharin ni àgbà wọn. Lọ́dún 1879, Constantin Fahlberg, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, lọ jẹun alẹ́ láìfọ ọwọ́ dáadáa, ló bá rí i pé búrẹ́dì ọwọ́ òun dùn lódì. Aspartame ò yàtọ̀: lọ́dún 1965, James Schlatter ń wá oògùn ọgbẹ́ inú, ó lá ìka kó lè ṣí bébà, ìka náà sì dùn. Ti sucralose tiẹ̀ tún pani lẹ́rìn-ín. Ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1976, wọ́n ní kí Shashikant Phadnis yẹ ẹ̀bù kan wò ("test"), òun gbọ́ ọ bí ẹni pé kó tọ́ ọ wò ("taste") ni wọ́n ní kó ṣe. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ẹ ń lé kiri torí ọwọ́ fífọ̀ gbọ́ ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí o.

Yorùbá ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Saccharin dorí òwe yẹn kodò, ìkorò ló ń gbẹ̀yìn tirẹ̀. Kì í wọ́n, ó sì ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú kọ́bọ́ọ̀dù láìbàjẹ́, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù nínú ife, ẹ ó mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ẹni tó dàgbà ní àwọn ọdún 1980 á rántí pé wọ́n máa ń ní ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ara eku ni wọ́n ti rí i, nínú àpò ìtọ̀. Ní 1977, Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára páálí rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé bí ara akọ eku ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fa ti eku, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lára èèyàn, wọ́n sì mú ìkìlọ̀ náà kúrò ní 2000. Èmi ò ní fún aláboyún tí ṣúgà rẹ̀ ga ní saccharin, torí ó máa ń gba inú olóbi kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Àwọn yòókù wà tó lè mú.

Aspartame ló jọ ṣúgà jù lẹ́nu, nínú tíì tí a ti bù sínú ife, kò ní wàhálà. Ẹni kan ṣoṣo tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án ni ẹni tí wọ́n bí àìsàn PKU mọ́, tí ara rẹ̀ kò lè lo phenylalanine tó wà nínú aspartame. Kò wọ́pọ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí ẹ fi ń rí orúkọ gígùn yẹn lẹ́yìn páálí.

Nínú tíì lásán, ẹ jẹ́ kí ahọ́n yín yàn. Lóòótọ́, ibẹ̀ ni arọ́pò ṣúgà ti wúlò jù lọ. Ẹni tó ń fi hóró ṣúgà mẹ́ta sí ife kan, tó sì ń mu ife mẹ́ta lójúmọ́, ó ti fi hóró mẹ́sàn-án sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi tíì sílẹ̀.

Lórí iná: zóbò, kúnú, ògì

Tí nǹkan bá máa hó, búlúù ò lè bá a débẹ̀. Aspartame ń fọ́ nínú ooru tó bá pẹ́, ẹ ó sì máa ṣe kàyééfì ibi tí adùn gbà lọ. Ẹ lo sucralose, tàbí kí ẹ jẹ́ kó tutù tán kí ẹ tó fi búlúù sí i.

Mo fẹ́ kí ẹ fi zóbò àti kúnú wéra, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ife tí mo sọ lókè ti hàn kedere. Ewé zóbò gbígbẹ tí a sè pẹ̀lú ata ilẹ̀ àti kànáfùrù, omi kíkan lásán ni, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ṣúgà nínú. Ṣúgà tí ìyá oní-zóbò dà sínú kẹ́tùrù rẹ̀ ni wàhálà ibẹ̀. Ẹ sè é nílé, ẹ má fi omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i, ẹ wá fi sucralose sí i: ohun mímu tó dùn tí ẹ̀rọ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nìyẹn. Kúnú ńkọ́? Jéró tàbí ọkà bàbà tí a lọ̀, òmíràn tún ní kúkúńdùnkún nínú. Kódà kí ẹ má fi hóró ṣúgà kan sí i, sítáàṣì ni ẹ mu. Nítorí náà, tí màámi bá fẹ́ nǹkan tútù tó dùn, zóbò ni mò ń gbé fún wọn. Kúnú di ife kékeré, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan wà nípa sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í sọ. Sucralose tó wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì kan kéré débi pé ẹ ò ní rí i, torí náà wọ́n fi dextrose àti maltodextrin kún un kó lè jọ nǹkan tí à ń bù. Dextrose, ṣúgà ni, maltodextrin sì jẹ́ sítáàṣì tí wọ́n ti fọ́. Òfin Amẹ́ríkà gbà wọ́n láyè láti kọ "kálórì òdo" bí ìwọ̀n kan kò bá tó kálórì 5. Ẹyọ kan ò lè ṣe nǹkan, ó dín díẹ̀ ní gíráàmù kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya mẹ́wàá lójúmọ́ ti ń jẹ bíi hóró ṣúgà méjì láìmọ̀. Hóró inú ike tó ń dún "kẹ́" ò ní ìyẹn tó bẹ́ẹ̀. Láàárín sáṣẹ́ẹ̀tì àti ike, ike ni mo fẹ́.

Ní ti kéèkì àti chin-chin, mi ò ní fi àsìkò yín ṣòfò. Ṣúgà inú kéèkì kì í ṣe ti adùn nìkan, òun ló ń mú un wú, òun ló ń mú un pọ́n, òun ni kì í jẹ́ kó gbẹ. Ẹ yọ ọ́ tán, ìyẹ̀fun funfun kún inú rẹ̀ síbẹ̀.

Ewé Paraguay àti ewé ilé wa

Stevia ni wọ́n ń tà fún àwọn tí orúkọ kẹ́míkà ń dẹ́rù bà. Ewé ni lóòótọ́: àwọn Guaraní ní Paraguay ti ń fi í sí ohun mímu wọn tipẹ́ kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀bù funfun inú páálí ti gba ilé iṣẹ́ kọjá kó tó dé ọwọ́ yín, ó sì wọ́n. Ó tún kù: nínú ọ̀pọ̀ páálí stevia, erythritol ló pọ̀ jù, díẹ̀ ni stevia inú rẹ̀. Màá padà sórí erythritol. Tí ìkorò rẹ̀ ò bá da ẹnu yín láàmú, tí owó sì wà, kò sí ẹjọ́.

Èyí tó ń dùn mí ni pé tiwa wà níbí. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, èyí tí wọ́n ń dì ní ìdì ìdì ní ọjà Bódìjà, máa ń so èso pupa onígun mẹ́ta nílẹ̀, nídìí rẹ̀. Nǹkan yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ tó bo kóró èso yẹn ni thaumatin ti ń jáde, ó sì fi bíi ìlọ́po 2,000 sí 3,000 dùn ju ṣúgà lọ. William Daniell, dókítà àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1855, orúkọ rẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ ewéko fi pè é: *Thaumatococcus daniellii*. Ní Yúróòpù lónìí, E957 ni nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́yìn páálí. Ilé iṣẹ́ ló ń lò ó jù, nínú ṣingọ́ọ̀mù àti ohun mímu. Adùn rẹ̀ kì í tètè dé, tó bá sì dé, kì í tètè lọ. Nílé, ewé la mọ̀, a kì í ka èso sí.

Àgbáyun ńkọ́? Òun kì í dùn. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ bá fẹnu kàn lẹ́yìn rẹ̀ ló ń di dídùn, fún bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń fún màámi ní èso kan tí a bá rí i, wọ́n á sì fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ tútù lé e. Ẹ má ṣe wá torí rẹ̀ sọ pé ọsàn mímu ti di omi o. Ahọ́n ni àgbáyun ń tàn jẹ, kò tan ẹ̀jẹ̀ jẹ.

Oyin, dàbínù, ṣúgà pupa

Ibí yìí ni mo ti máa ń bá èèyàn jà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì màámi, kò sí Sunday kan tí ẹnìkan ò ní sọ fún wọn pé "Mummy, ẹ kúrò nídìí kẹ́míkà òyìnbó yẹn. Oyin ni kẹ́ ẹ máa lá, Ọlọ́run ló dá a." Ọlọ́run náà ló dá ìrèké.

Ẹ jẹ́ ká gbé wọn síra. Ṣíbí ńlá kan oyin wúwo tó bíi gíráàmù 21, gíráàmù 17 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ṣúgà. Hóró ṣúgà mẹ́rin nìyẹn, pẹ̀lú díẹ̀ lé (bíi gíráàmù 4 ni hóró kan). Bí oyin ṣe jẹ́ ojúlówó tó, bí wọ́n ṣe fi iná lé oyin lójú yín tó, kò yí ìyẹn padà. Àdàlú oyin ni wọ́n fi ṣúgà lú, ojúlówó oyin ni àwọn kòkòrò oyin fi ṣúgà ṣe. Ó dùn ju ṣúgà lọ díẹ̀, nítorí náà ẹ lè bu díẹ̀, ẹ kà á mọ́ ṣúgà ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe arọ́pò ṣúgà, ṣúgà ni.

Ṣúgà pupa ò yàtọ̀ sí funfun àfi omi dúdú ìrèké díẹ̀ tó kù lára rẹ̀. Dàbínù ní fáíbà nínú, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ṣúgà ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ẹyọ méjì, a gbọ́. Dàbínù tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọ̀fíọ̀ àti àgbọn sínú ìgò, tí wọ́n wá kọ "láìní ṣúgà" sí i lára? Ẹ bi ẹ̀rọ yín léèrè lẹ́yìn wákàtí méjì.

Mínírà: odindi, "zero", tàbí àdàlù

Ẹ wo ẹ̀yìn ìgò, níbi tí wọ́n ti kọ ìwọ̀n ṣúgà nínú milílítà 100. Tó bá jẹ́ 10, ìgò 50cl ní gíráàmù 50, ẹ pín in sí 4, hóró méjìlá àti ààbọ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó máa ka hóró ṣúgà méjìlá sínú ife omi kan ṣoṣo, àmọ́ a ń mu ún ní ìdúró nínú oòrùn.

"Zero" ò ní ìyẹn. Aspartame àti arọ́pò mìíràn tó ń jẹ́ acesulfame K ló sábà wà nínú rẹ̀. Fún ẹni tí mínírà ti wọ̀ lẹ́wù, kó bọ́ sórí "zero" dáa gan-an ju kó dúró sí ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi dáa ju méjèèjì.

Àdàlù ló ń tan èèyàn jẹ. Láti oṣù kẹrin 2018 tí Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lórí mínírà tó ní ṣúgà gíráàmù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú milílítà 100, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ti yọ apá kan ṣúgà wọn, wọ́n sì fi arọ́pò dí i. Nàìjíríà náà fi ₦10 lé lítà kan lọ́dún 2022. Ìgò tó ní sucralose lẹ́yìn lè ní ṣúgà tó pọ̀ nínú síbẹ̀. Ẹ má kàn rí orúkọ arọ́pò kí ẹ wá sinmi, nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ wò.

Bísíkíìtì "oníṣúgà lè jẹ ẹ́"

Maltitol, sorbitol, xylitol, erythritol: ìdílé mìíràn nìyí. Wọ́n pọ̀ nínú ṣokoléètì, súìtì àti bísíkíìtì tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe òdo. Maltitol ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, kò kàn tó ṣúgà ni. Sorbitol àti maltitol tó bá pọ̀ ń sáré gba inú kọjá. Ẹni tó ń lo metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tí inú rẹ̀ ti ń dún láti àárọ̀, tó wá jẹ páálí súìtì kan lé e, kí ó má jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Xylitol ń pa ajá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sókè.

Erythritol kì í da inú rú tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í gbé ṣúgà sókè. Àmọ́ ní 2023, àwọn olùwádìí ní Cleveland Clinic rí i pé àwọn tí erythritol pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ń bá jù. Ara fúnra rẹ̀ máa ń ṣe erythritol díẹ̀, nítorí náà ìyẹn ò tíì sọ pé òun ló fa á. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ṣúgà ti fi ọkàn sínú ewu tẹ́lẹ̀. Èmi ò ra a fún màámi, torí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀ pọ̀.

Bísíkíìtì ọ̀hún, ìyẹ̀fun ni. Ní Yúróòpù, láti 2016, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sára oúnjẹ mọ́ pé ti oníṣúgà ni. Níbí, wọ́n ṣì ń kọ ọ́, wọ́n sì ń fi owó lé e.

Ẹ̀rù tó wà nílẹ̀

Ní oṣù keje 2023, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ fi aspartame sí ipele 2B: "ó ṣeé ṣe" kó fa jẹjẹrẹ. WhatsApp gbóná. Èyí tí kò gbóná ni pé ìgbìmọ̀ tó ń wo ìwọ̀n jíjẹ sọ lọ́jọ́ kan náà pé àwọn ò yí ìwọ̀n padà: mílígíráàmù 40 fún kílò ara kan lójúmọ́. Wọ́n ní ẹni tó wọn kílò 70 á mu agolo 9 sí 14 mínírà "zero" lójúmọ́ kó tó kọjá rẹ̀. Ti sáṣẹ́ẹ̀tì, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ fún ẹni tó wọn kílò 60: aspartame 75, saccharin 45, sucralose 23. Màámi fẹ́ràn adùn, wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Oṣù karùn-ún ọdún náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kí àwọn èèyàn má fi arọ́pò ṣúgà wá bí wọ́n ṣe máa fọn. Ó wà nínú ìmọ̀ràn yẹn kan náà pé kì í ṣe àwọn tó ti ní ìtọ̀ ṣúgà tẹ́lẹ̀ ni àwọn ń bá wí. Èyí tí mo gbà pé ó yẹ ká fiyè sí jù ni ti ilé ìwádìí Weizmann ní Ísírẹ́lì, 2022: nínú àgbàlagbà 120 tí ara wọn dá, saccharin àti sucralose da bí ara àwọn kan ṣe ń gba ṣúgà rú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nípasẹ̀ àwọn kòkòrò inú ìfun. Ara kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ gún ìka kí ẹ tó yí arọ́pò padà, kí ẹ tún gún un ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, nínú oúnjẹ kan náà.

Nígbà tí ṣúgà bá já wálẹ̀

Ní àárọ̀ ààwẹ̀ kan, màámi lo glibenclamide, oògùn ìtọ̀ ṣúgà wọn, wọn ò jẹun. Nígbà tó máa di aago mọ́kànlá, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń pe àbúrò mi ní orúkọ mi. Àbúrò mi yára, ó po tíì dídùn fún wọn. Ike tó ń dún "kẹ́" ló fi pò ó, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin torí pé ọ̀rọ̀ náà le.

Nígbà tí mo dé, ẹ̀rọ ka 58. A dúró, a ń wò wọ́n. 55. Tíì dùn lẹ́nu wọn, kò sí ṣúgà kan nínú rẹ̀ tó máa dé ẹ̀jẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo lọ já páálí ṣúgà tí a ti gbé pamọ́ fún àlejò, mo fi hóró mẹ́rin sí omi díẹ̀, mo rò ó, wọ́n mu ún. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 92. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń sunkún.

Tí ó bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ, ṣúgà gidi ni, gíráàmù 15 tàbí bẹ́ẹ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà kí ẹ wá oúnjẹ sí i. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni. Metformin nìkan kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Glibenclamide àti ínsúlínì ló máa ń ṣe é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ́ ẹ ti fi Lucozade sínú báàgì nítorí ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ rántí pé wọ́n dín ṣúgà inú rẹ̀ kù ní 2017, tí carbohydrate (ṣúgà àti ìbátan rẹ̀ lápapọ̀) inú milílítà 100 fi já láti gíráàmù 17 sí bíi 9. Èyí tí ẹ ń mu tẹ́lẹ̀ ò tó mọ́, ẹ ka ẹ̀yìn ìgò.

Ike méjì ló wà ní kọ́bọ́ọ̀dù màámi lónìí: yẹ́lò fún zóbò àti ìdajì abọ́ ògì, búlúù fún tíì. Kò sí oyin níbẹ̀. Nínú báàgì ṣọ́ọ̀ṣì wọn, lábẹ́ Bíbélì, hóró ṣúgà mẹ́fà wà nínú ọ̀rá tí a so ní kókó. Àwọn ọmọ-ọmọ ti jí méjì jẹ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti fi òmíràn rọ́pò.